Bí Akọ́nimọ̀ọ́gbá Ṣe Lè Dáàbò Bo Ìlera Ọpọlọ Rẹ̀ Kí Wàhálà Sáà Tó Dé

Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá tí eré ìdárayá jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, yálà bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ni, tàbí bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, eré sísá, ẹ̀ṣẹ́ kíkàn tàbí ìlúwẹ̀ẹ́. Ohun kan ló so gbogbo ìgbésẹ̀ inú rẹ̀ pọ̀: ìgbà tí ara yín bá le, tí orí yín sì pé, ni kí ẹ ti ṣe ètò tí yóò dáàbò bò yín ní ọjọ́ tí nǹkan bá le. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tí àárẹ̀ ti wọ̀ lára kì í tètè mọ̀, nítorí pé làákàyè tí ì bá fi mọ̀ ọ́n gan-an ni àárẹ̀ náà kọ́kọ́ máa ń bà jẹ́. Kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú tí yóò dúró di ìgbà tí iṣan itan eléré rẹ̀ bá já kí ó tó ṣírò bí ẹni náà ṣe ń sáré tó lójúmọ́. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá ni kì í ka oorun tiwọn àti wákàtí iṣẹ́ tiwọn kún ohun tó yẹ kí wọ́n ṣírò.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tí kò lágbára la ń sọ. Ní ọdún 2011, Ralf Rangnick gbé ẹgbẹ́ Schalke 04 dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá nínú ìdíje Champions League, ó sì bá wọn gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Jámánì, ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà ló kọ̀wé fipò sílẹ̀ nítorí pé agbára rẹ̀ ti tán pátápátá. Pep Guardiola fi Barcelona sílẹ̀ ní ọdún 2012 lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ó sì fi odidi ọdún kan sinmi kí ó tó lọ sí Bayern Munich. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, Jürgen Klopp kéde pé òun yóò fi Liverpool sílẹ̀ ní òpin sáà nítorí pé agbára òun ń tán lọ. Kò sí èyí tí ẹgbẹ́ rẹ̀ lé nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ àmì tí ẹ ó máa wò

Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàlàyé àárẹ̀ tí iṣẹ́ ń dá sílẹ̀ nínú àtòjọ àrùn rẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kọkànlá. Àjọ náà ní kì í ṣe àìsàn fúnra rẹ̀, pé wàhálà ibi iṣẹ́ tó ti pẹ́ tí a kò sì rí ojútùú sí ló ń fà á. Àmì mẹ́ta ni wọ́n kà sílẹ̀: kí agbára tán nínú ènìyàn, kí ọkàn rẹ̀ jìnnà sí iṣẹ́ rẹ̀ tàbí kí iṣẹ́ náà sú u, àti kí ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀ má yọrí mọ́.

Lórí pápá, àwọn àmì náà kì í fara hàn pẹ̀lú orúkọ wọn. Ẹ ó wo fídíò ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, kò sì ní sí ohun tí ẹ rí dì mú nínú rẹ̀. Ẹ ó gbé ìgbaradì lé igbákejì yín lọ́wọ́, kì í ṣe nítorí pé ẹ gbẹ́kẹ̀ lé e, bí kò ṣe nítorí pé ẹ kò fẹ́ fojú kan àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ìbéèrè kékeré láti ẹnu ọmọdé agbábọ́ọ̀lù kan yóò mú inú bí yín ju bí ó ti yẹ lọ. Ní tèmi, àmì tó burú jù nínú wọn ni kí ẹgbẹ́ borí kí ayọ̀ má sì sí níbẹ̀, kí ó jẹ́ pé ìtura díẹ̀ ni ẹ rí, kí wákàtí kan tó kọjá ẹ̀rù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kàn ti gba ọkàn yín. Ẹni tí ìjákulẹ̀ bá dùn ṣì wà láàyè nínú iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ìṣẹ́gun kò dùn mọ́ nínú gbọ́dọ̀ dá ara rẹ̀ dúró.

Ẹ ya èyí sọ́tọ̀ kúrò lára ìsoríkọ́, nítorí pé ìsoríkọ́ jẹ́ àìsàn, kì í sì í dúró sí ibi iṣẹ́. Bí ìbànújẹ́ tàbí àìnífẹ̀ẹ́ sí ohunkóhun bá bá yín wọlé, tó bá yín lọ sí ìsinmi, tí oúnjẹ àti oorun yí padà, tí èyí sì ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀dọ̀ dókítà ló kàn.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ṣírò ẹrù tí ẹ ń gbé

Ọ̀pọ̀ yín ló ń béèrè lọ́wọ́ àwọn eléré lẹ́yìn ìgbaradì pé kí wọ́n fi òǹkà kan láti 0 dé 10 sọ bí iṣẹ́ náà ṣe le tó, kí ẹ tó fi ìṣẹ́jú tí wọ́n fi ṣe é sọ ọ́ di púpọ̀ láti mọ ẹrù ọjọ́ náà. Ẹ lo ọgbọ́n kan náà fún ara yín. Fún ọ̀sẹ̀ méjì kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ máa kọ sílẹ̀ ní alaalẹ́: wákàtí tí ẹ sùn, wákàtí tí ẹ ṣiṣẹ́, iye ife kọfí àti ọtí tí ẹ mu, àti òǹkà kan láti 0 dé 10 fún bí ọkàn yín ti rí. Ẹ ka ìpè orí fóònù ní àárọ̀ kùtùkùtù àti fídíò tí ẹ wò lórí ibùsùn mọ́ iṣẹ́, nítorí pé iṣẹ́ ni.

Ìwé ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ni yóò jẹ́ òṣùwọ̀n yín. Nígbà tí sáà bá dé ìdajì, ẹ tún un ṣe fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sì gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ọkàn ènìyàn lè sọ fún un pé bákan náà ló ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé tó fi hàn pé oorun ti dín ní wákàtí kan ààbọ̀ lóru kò ṣeé jà níyàn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ gba oorun yín padà lọ́wọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ alẹ́

Bí ẹ kò bá ní agbára láti ṣe ju ìgbésẹ̀ kan lọ nínú gbogbo ìwọ̀nyí, èyí ni kí ẹ ṣe. Àgbàlagbà nílò oorun wákàtí méje ó kéré tán, ṣùgbọ́n iná pápá ìṣeré, ariwo èrò, àti ìgbóná ara tí ìdíje ń dá sílẹ̀ kì í jẹ́ kí ara mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Ní oṣù Kẹta ọdún 2018, Tyronn Lue, tó ń kọ́ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n Cleveland Cavaliers, gba ìsinmi láàárín sáà nítorí pé àyà ń dùn ún, oorun kò sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn mọ́. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn tí ó ti rí ìtọ́jú.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sán. Ó máa ń gba nǹkan bíi wákàtí márùn-ún kí ìdajì èròjà amóríyá inú kọfí tó kúrò nínú ara, nítorí náà ife tí ẹ mu ní aago méje alẹ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú yín ní ọ̀gànjọ́ òru. Ẹ fi ife tó gbẹ̀yìn sí ọ̀sán, kódà ní ọjọ́ ìdíje. Ọtí náà kì í ṣe ọ̀nà àbáyọ: ó máa ń tètè gbé ènìyàn lọ, ṣùgbọ́n apá kejì òru ni ó ń dà rú, èyí sì ni ìdí tí ẹni tó fi ọtí sùn fi ń jí ní aago mẹ́ta tí oorun kò sì padà wá.

Lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, ẹ má ṣe wo fídíò rẹ̀ ní alẹ́ náà rárá. Mo mọ̀ pé òfin yìí ni yóò nira jù fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí pé ọwọ́ á máa yún yín láti wo góòlù tó wọlé yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n kò sí ìpinnu tí ẹ lè ṣe ní aago kan òru tí kò ní dára sí i bí ẹ bá dúró di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ohun tí ẹ ó ṣe dípò rẹ̀ ni pé kí ẹ mú bébà kan, kí ẹ kọ ohun mẹ́ta tí ẹ kò fẹ́ gbàgbé sórí rẹ̀, kí ẹ sì pa á dé. Ẹ dín iná yàrá kù, kí ẹ sì fi fóònù sí yàrá mìíràn. Bí nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú bá kọjá tí oorun kò wá, ẹ dìde kúrò lórí ibùsùn, ẹ jókòó síbi tí iná kò ti mọ́lẹ̀ púpọ̀, kí ẹ padà nígbà tí ojú bá wúwo. Ẹni tó ń bá oorun jà lórí ibùsùn ń kọ́ ara rẹ̀ pé ibẹ̀ kì í ṣe ibi oorun.

Láàárọ̀, ẹ jí ní àkókò tí kò jìnnà ju wákàtí kan lọ sí èyí tí ẹ máa ń jí tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì fi oorun ráńpẹ́ ìṣẹ́jú 20 sí 30 kún un ní ọ̀sán bí ó bá pọn dandan. Ẹ sún ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ yín tó máa ń wáyé láàárọ̀ ọjọ́ kejì sí ọ̀sán, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú kàlẹ́ńdà láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà kí ó má baà di ọ̀rọ̀ ojú rere. Bí àìróorunsùn bá ń dé ní alẹ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, tó sì ti tó oṣù mẹ́ta, ó ti di àìsàn tó ní ìtọ́jú tirẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà fún ìtọ́jú tó ń yí ìṣesí àti èrò ènìyàn nípa oorun padà, nítorí pé òun ni a máa ń kọ́kọ́ lò ṣáájú oògùn oorun.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ yan ẹni tó lè dá yín dúró

Ẹ mú ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ tí ẹ kò ní ṣiṣẹ́ rárá. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kì í sábà dára, nítorí pé ìròyìn àwọn tó fara pa ń wọlé lọ́jọ́ náà. Ẹ wo kàlẹ́ńdà ìdíje kí ẹ tó yàn. Ẹ kọ àwọn ohun tí wọ́n lè tìtorí rẹ̀ pè yín lọ́jọ́ náà: ikú, ìfarapa tó le, ọ̀rọ̀ ààbò àwọn ọmọdé, tàbí ohun tó kan ọlọ́pàá. Igbákejì yín ni yóò pinnu gbogbo ohun yòókù, ẹ kò sì gbọdọ̀ yí ìpinnu rẹ̀ padà ní ọjọ́ kejì àyàfi bó bá léwu, torí pé ẹni tí wọ́n bá ń yí ìpinnu rẹ̀ padà yóò máa pè yín ṣáá kó tó ṣe ohunkóhun.

Lẹ́yìn èyí ni ohun tí mo kà sí gbòǹgbò gbogbo rẹ̀. Ẹ yan ènìyàn kan, ó lè jẹ́ igbákejì yín, dókítà ẹgbẹ́, tàbí ọkọ tàbí aya yín, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò jẹ́ láti sọ fún yín pé ó tó. Ẹ kọ àmì mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ẹ mọ̀ pé ó máa ń hàn lára yín nígbà tí nǹkan kò bá lọ dáadáa: bóyá ẹ máa ń dákẹ́ nídìí oúnjẹ, bóyá ẹ máa ń pariwo mọ́ adájọ́ eré ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, bóyá ẹ kì í fá irùngbọ̀n mọ́. Ẹ fún un ní ìwé náà, kí ẹ buwọ́ lù ú, kí ẹ sì kọ síbẹ̀ pé bí ó bá rí mẹ́ta nínú wọn fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ó gba ìsinmi ọjọ́ méjì, ẹ ó sì rí dókítà, láìbá a jiyàn. Ní ọjọ́ tí ó bá sọ ọ́, yóò dà bíi pé ó ń ṣàṣejù. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé ìwé tí ẹ fọwọ́ sí nígbà tí orí yín pé ni ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ràn sí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ múra sílẹ̀ de ìjákulẹ̀

Kí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ gbólóhùn méjì méjì tí ẹ ó sọ fún àwọn akọ̀ròyìn bí ẹ bá borí, bí ẹ bá gbá ọ̀mì, àti bí wọ́n bá nà yín. Ọ̀rọ̀ tí ìbínú bá gbé jáde níwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jẹ yín níyà. Ẹ fi òfin wákàtí 24 ṣọ́ ara yín pẹ̀lú: láàárín àkókò yẹn, kò sí agbábọ́ọ̀lù tí ẹ ó fìyà jẹ, kò sí òṣìṣẹ́ tí ẹ ó lé, kò sì sí ìwé ìfipòsílẹ̀ tí ẹ ó kọ.

Ní ti ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ orí ayélujára, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí fóònù yín, kí òṣìṣẹ́ ìròyìn ẹgbẹ́ máa bójú tó o. Kí òun náà máa pa ìhàlẹ̀ mọ́, kí ó sì kó o fún ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe máa kà á fúnra yín. Ẹ má gbàgbé àwọn ọmọ yín, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi bú bàbá tàbí ìyá wọn máa ń dé ọ̀dọ̀ wọn ní ilé ẹ̀kọ́ kí òbí náà tó délé. Ẹ bá olùkọ́ wọn sọ̀rọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ wá ẹni tí ọ̀rọ̀ yín kò ní pa lára

Ìdánìkanwà inú iṣẹ́ yìí ga. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ń retí pé kí ẹ yàn wọ́n, àwọn igbákejì ń jẹun láti ọ̀dọ̀ yín, àwọn aláṣẹ ló sì lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín. Nítorí náà, ẹni tí ẹ ó tú ọkàn yín sílẹ̀ fún gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí kò ní èrè tàbí òfò nínú èsì ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ yín. Akọ́nimọ̀ọ́gbá láti eré ìdárayá mìíràn dára púpọ̀ fún èyí, ó mọ iṣẹ́ náà, kò sì bá yín du ipò kankan. Ẹgbẹ́ àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá wà ní àwọn ilẹ̀ kan, bíi League Managers Association tí wọ́n dá sílẹ̀ ní England ní ọdún 1992. Ẹ béèrè ohun tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lè ṣe fún yín lágbègbè tiyín.

Bí ẹgbẹ́ yín bá ní onímọ̀ ìlera ọpọlọ, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ tiyín: ta ló ń jábọ̀ fún, kí ló ń kọ sílẹ̀, kí ló sì lè mú un sọ ọ̀rọ̀ yín fún ẹlòmíràn? Bí ìdáhùn rẹ̀ kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ wá ẹni tí ẹgbẹ́ kò sanwó fún.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ yín wò

Ara àti ọpọlọ kì í ṣe ohun méjì nínú iṣẹ́ yìí. Jock Stein ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ní Cardiff ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1985, bí Scotland tí ó ń kọ́ ṣe fẹ́ parí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wọn pẹ̀lú Wales, ó sì kú ní alẹ́ náà. Johan Cruyff ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn ní ọdún 1991 nígbà tó ń kọ́ Barcelona, ó sì jáwọ́ nínú sìgá. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2001, ara Gérard Houllier ti Liverpool yí padà ní ìsinmi ìdajì ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀. Ó tó wákàtí 11 tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ abẹ fún un, oṣù márùn-ún sì kọjá kó tó padà. Mi ò sọ pé iṣẹ́ nìkan ló fa ìwọ̀nyí, ṣùgbọ́n ẹ fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àti ọkàn sínú ètò ìgbaradì kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, ní ọjọ́ kan náà tí wọ́n ń yẹ àwọn eléré yín wò. Ẹ fi ìrìn kánmọ́kánmọ́ tàbí eré mìíràn tó pé 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ kún un. Dídúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá kò kún iye yẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ ti múra de ọjọ́ tí wọ́n máa lé yín

Nígbà tí ẹ bá ń fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ni kí ẹ ti béèrè nípa owó ìdádúró, ìsinmi àìsàn tí owó oṣù kò ní dáwọ́ dúró nínú rẹ̀, àti ìbánigbófò ìlera tí yóò ṣì máa lọ fún oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí. Ẹni tí ìyà owó kò bá jẹ yóò lè sinmi.

Bí ọjọ́ náà bá dé, ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ yín fúnra yín kí wọ́n tó gbọ́ ọ lórí rédíò. Ẹ má ṣe yí àkókò tí ẹ ń jí padà, ẹ má sì wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ẹgbẹ́ tí ẹ kúrò níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bí kò bá sí àìní owó tó ń lé yín, ẹ má ṣe gba iṣẹ́ mìíràn láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, torí pé ẹni tó ń wá bí òun yóò ṣe fi hàn pé òun kì í ṣe ọ̀lẹ kì í yan iṣẹ́ dáadáa. Àkókò yìí náà ni ọtí àti tẹ́tẹ́ máa ń rí ọ̀nà wọlé, kí àwọn tó súnmọ́ yín ṣọ́ ọ.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá ìtọ́sọ́nà

Bí èrò pé ikú yá ju ayé lọ bá ń wá sọ́kàn, ẹ má ṣe dúró di ìparí sáà tàbí di ọjọ́ ìsinmi. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín, tàbí kí ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì ibi tí ẹ wà, kí ẹ sì sọ ọ́ fún ẹnì kan tí yóò jókòó tì yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá akọ́nimọ̀ọ́gbá ṣiṣẹ́, bí ẹ bá fura, ẹ bi í léèrè tààrà bóyá ó ń ronú láti pa ara rẹ̀; ìbéèrè náà kì í gbin èrò náà sí ènìyàn lọ́kàn, ó sábà máa ń ṣílẹ̀kùn fún un láti sọ̀rọ̀.

Ìpadàbọ̀ sẹ́nu iṣẹ́

Dick Vermeil, tó ń kọ́ni ní bọ́ọ̀lù irú ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fi ẹgbẹ́ Philadelphia Eagles sílẹ̀ lẹ́yìn sáà 1982 nítorí àárẹ̀, ó padà sí iṣẹ́ náà ní ọdún 1997, ó sì gba Super Bowl, ife ẹ̀yẹ tó ga jù nínú eré náà, pẹ̀lú ẹgbẹ́ Rams ní oṣù Kìíní ọdún 2000. Rangnick náà padà ní ọdún 2012, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí olùdarí eré ìdárayá, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Kì í ṣe dandan kí ipò tí ẹ padà sí jẹ́ èyí tí ẹ kúrò níbẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé ìsinmi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ẹ gbà, ẹ padà bí eléré tó fara pa ṣe ń padà, díẹ̀díẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ wá fún ìdajì ọjọ́, kí ẹ sì dúró ti ìgbaradì nìkan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ fi ìpàdé àti fídíò kún un. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni kí ẹ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá lọ́jọ́ ìdíje, bí dókítà bá gbà bẹ́ẹ̀, kí igbákejì yín sì máa bá àwọn akọ̀ròyìn sọ̀rọ̀ títí di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ẹni tí ẹ fún ní ìwé àmì yẹn ni kí ó máa wo òǹkà oorun yín ní gbogbo àkókò náà, kí ó sì ní àṣẹ láti dá yín padà sí ìpele tó ṣáájú bí òǹkà náà bá já wálẹ̀.